Gìtá Tí A Kùn Láìbèèrè Lọ́wọ́ Ẹni Tó Ni Ín

Àwọn àgbà a máa sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ó ti pẹ́ tí a ti ń fi òwe yìí kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ inú ìjọ. A kò mọ̀ pé ọmọ ọdún méjìdínlógún kan ni yóò fi kọ́ àwa fúnra wa lẹ́kọ̀ọ́, lórí gìtá kan tí a gbé lọ fi ọ̀dà àga kùn.

Ó máa ń rọrùn fún àwa òjíṣẹ́ Ọlọ́run láti sọ̀rọ̀ nípa àṣìṣe ẹlòmíràn. Ti ara ẹni ni ó máa ń nira. Ìyàwó wa ni ó ní kí a kọ èyí sílẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ òbí tí ó bá kà á ni yóò rí ara wọn níbẹ̀.

Bàbá ọmọ náà ni ó kọ́kọ́ ta gìtá oníná nínú ìjọ wa ní Ìbàdàn. Owó ara rẹ̀ ni ó fi ra á ní tòkunbọ̀ ní Èkó ní 1996. Dúdú ni àwọ̀ rẹ̀, ó sì ní ìwo méjì lápá òkè, gẹ́gẹ́ bí irú èyí tí ilé iṣẹ́ Fender ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé jáde ní 1954, tí wọ́n pè ní Stratocaster. Àfarawé ni ti bàbá yìí, kì í ṣe ojúlówó, ṣùgbọ́n bí ó bá ti fọwọ́ kàn án, ẹnikẹ́ni kì í rántí béèrè ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é. Ọdún mọ́kànlélógún gbáko ni ó fi ta á nínú ìjọ. Ibi tí apá ọ̀tún rẹ̀ máa ń gbé kan gìtá náà, ọ̀dà ti ṣí kúrò níbẹ̀, igi ti yọ síta, ó sì ń dán bí ibi tí wọ́n ti ń di ọmọ odó mú. Ojú ibẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà.

Ní 2017, bàbá náà sùn nínú Olúwa. Ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà náà, ni ó jogún gìtá. Kò pẹ́ tí òun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta á fún ẹgbẹ́ akọrin. Ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, ìjọ wa fẹ́ ṣe àjọ̀dún ọgbọ̀n ọdún. A kun ilé ìjọsìn, a pààrọ̀ aṣọ fèrèsé, a fi ọ̀dà tuntun kun àwọn àga. Nígbà tí gbogbo nǹkan ti ń dán tán, gìtá yẹn nìkan ni ó kù tí ó rí játijàti. Àwọn alàgbà kan ní kí a rà tuntun. Àwa ní rárá, a ó tún èyí tó wà ṣe, a ó sì fi ṣe ẹ̀bùn ìyàlẹ́nu fún ọmọ aláìníbaba yìí. Ìfẹ́ ni a rò pé a ń ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, a ní kí ó gbé gìtá wá kí a bá a tún wáyà rẹ̀ ṣe, nítorí ó ti ń pariwo gèè nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí a sọ yẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Wọn kò kọ́ wa ní iṣẹ́ ọ̀dà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Bíbélì. Síbẹ̀, a ní igbá ọ̀dà gílọ́ọ̀sì funfun tó ṣẹ́kù lára èyí tí a fi kun ilẹ̀kùn, a sì ní ọwọ́ méjì. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a fi sáńpépà tó le jù, èyí tí wọ́n ń pè ní nọ́ńbà 80, ha gìtá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀dà dúdú ṣí. Nígbà tí igi yọ, a rí i pé páíwúùdù ni, pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ibi dídán yẹn ni a kọ́kọ́ ha, kí ó lè bá ìyókù dọ́gba. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò pé tí ó fi dọ́gba.

A kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí a tú ọrùn gìtá kúrò. A fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún yíká ọrùn náà. A kun ẹ̀ẹ̀kan, a rí i pé kò nípọn tó, a tún kùn ún lé e lórí kí ti àkọ́kọ́ tó gbẹ. Òjò oṣù keje ń rọ̀ lákọlákọ. Lọ́jọ́ kẹta, bí a bá fọwọ́ kàn án, ìtẹ̀ka wa a hàn lára rẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, a rò pé ó ti gbẹ, a sì gbé e lé orí ìwé ìròyìn. Nígbà tí ìyàwó wa gbé e lọ́jọ́ kejì, ìwé ìròyìn bá a dìde. Bí a ti fà á ya tó, ìròyìn bọ́ọ̀lù kan ṣì wà lẹ́yìn gìtá tí a lè kà ketekete. Ìyàwó wa rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Àwa kò rẹ́rìn-ín.

Ni a bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá káfíńtà kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ìjọ. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ó ti ń fọ́n ọ̀dà sí àga àti bẹ́ẹ̀dì. Ó wo gìtá, ó wo wa, ó sì gbé ẹ̀rín mì nítorí ọ̀wọ̀.

Ó ní, “Pásítọ̀, ọ̀dà yìí kò ní ẹ̀bi o. Ẹ̀yin lẹ kánjú sí i.”

Ó ṣàlàyé pé òróró ló wà nínú ọ̀dà gílọ́ọ̀sì. Afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ ọ́ di líle, láti òde wọ inú. Bí a bá kùn ún nípọn, òde á di awọ, inú á ṣì tutù. Nínú òjò, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ó tó le dénú. Ilẹ̀kùn lè fara dà á nítorí kò sẹ́ni tó ń gbá a mọ́ra. Gìtá ń gbé ní àyà ènìyàn, pẹ̀lú òógùn àti ìgbóná ara.

Lákà ni òun ń lò fún àga, èyí tí wọ́n ń fi tínà là kí wọ́n tó fọ́n ọn. Bí tínà bá ti fò lọ, lákà á gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tí a bá sì fọ́n lé e á yọ́ mọ́ ti ìsàlẹ̀, méjèèjì á di ọ̀kan. A bi í léèrè bóyá ọ̀dà àga dára fún gìtá. Ó ní igi ni igi ń jẹ́.

Nígbà tí a wádìí, a rí i pé òótọ́ ni ọ̀gá yìí sọ ju bí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ lọ. Ní 1923, ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà gbé lákà kan jáde tí wọ́n pè ní Duco, fún kíkun ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ṣáájú ìgbà náà, kíkun ọkọ̀ kan lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Lákà yìí sọ ọ́ di iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan. Láìpẹ́, irú lákà kan náà di ti àwọn tó ń ṣe àga àti àwọn tó ń ṣe gìtá. Leo Fender, tó dá ilé iṣẹ́ Fender sílẹ̀ ní Kalifóníà, jẹ́ ẹni tó ń tún rédíò ṣe, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ gìtá ta. Nígbà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ fẹ́ àwọ̀ tó jọjú, ọ̀dà ọkọ̀ ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ lò. Àwọ̀ pupa kan tí wọ́n pè ní Fiesta Red, ti ọkọ̀ Ford Thunderbird ọdún 1956 ni. Nítorí náà, ẹni tó bá fi ọ̀dà àga tàbí ti ọkọ̀ kun gìtá kò ṣe ohun àjèjì.

Ọ̀gá káfíńtà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó tú àwọn okùn, ó sì tú ike ojú gìtá. Ó fi hàn wá àwọn mágnẹ́ẹ̀tì kéékèèké tí wọ́n fi wáyà bàbà tín-ín-rín wé. Ìgbọ̀n okùn irin lórí mágnẹ́ẹ̀tì yìí ni ó ń di iná nínú wáyà, iná yẹn ni ó sì ń lọ di ohùn nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ọ̀dà ara igi kò ní ipa tó tó nǹkan nínú ohùn náà. A rántí wòlíì Sámúẹ́lì níwájú àwọn ọmọ Jésè, bí ìrísí ọmọ àkọ́kọ́ ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un ṣìnà.

Lẹ́yìn náà, ó tú síkúrù mẹ́rin ẹ̀yìn gìtá, ọrùn rẹ̀ sì yọ. Ihò onígun mẹ́rin kan wà níbi tí ọrùn náà wọ̀ sí. Wọ́n ti fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sínú rẹ̀. Awò kò sí lójú wa, a kò kà á. Ohun tí a sọ ni pé kí ó fọ́n ọ̀dà síbẹ̀ náà, kí gbogbo rẹ̀ lè mọ́ tónítóní.

Ó ní, “Ẹ má fọ́n ọ̀dà síbẹ̀ o, Pásítọ̀. Bí ọ̀dà bá wọ ibẹ̀, ihò á kéré, ọrùn kò ní jókòó dáadáa mọ́.”

Ó fi tépù bo ihò náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé tépù yìí.

Ó fi tínà àti ọ̀bẹ fífẹ̀ ha gbogbo gílọ́ọ̀sì wa dànù. Ó fi sáńpépà nọ́ńbà 120 ha igi náà, ó tún fi 180 ha á, kí gbogbo ilà tí 80 wa fà sára igi lè parẹ́. Ó fọ́n sílà lẹ́ẹ̀mẹta láti dí ojú igi, ó fi 320 ha á. Ó fọ́n àwọ̀ pupa rúsúrúsú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ó tó fọ́n lákà tó mọ́ gaara lé e lórí. Lọ́jọ́ kan, òjò bẹ̀rẹ̀ bí ó ti ń fọ́n ọn lọ́wọ́, ojú gìtá sì funfun bí ẹni pé kùrukùru bò ó. A figbe ta. Ó ní omi inú afẹ́fẹ́ ló wọ inú lákà. Ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ tí oòrùn yọ, ó fọ́n tínà díẹ̀ lé e, kùrukùru náà sì ká kúrò.

Nígbà tí ó parí, a fẹ́ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ó ní lákà tó gbẹ lójú kò tíì gbẹ nínú. Ó fi wáyà gbé e kọ́ sókè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Lẹ́yìn náà ni ó fi sáńpépà olómi àti oògùn dídán fọ̀ ọ́. Ojú rẹ̀ wá ń dán bí dígí.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, a pe ọmọ náà síwájú ìjọ. A gbé gìtá lé e lọ́wọ́. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n hó ìhó ayọ̀. Ọmọ náà wo gìtá. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. A rí i tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ sí apá òkè, tí ó ń wá nǹkan níbẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣé, sà.” Ó ta gìtá lọ́jọ́ náà, kò ṣì í ta. Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìsinmi méjì tẹ̀ lé e, a kò rí i ní ìjọ. Ibi tó dùn wá láti sọ nìyí: níbi ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́, a sọ pé àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí kò mọ oore.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá rẹ̀ wá sílé wa. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, “Pásítọ̀, ẹ má bínú o. Ẹ̀yin lẹ ń ṣe bàbá fún wa. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀dà ti ṣí yẹn, ibi tí apá bàbá rẹ̀ máa ń wà ni. Kó tó sùn lálaalẹ́, ó máa ń gbé ọwọ́ lé e. Kò jẹ́ sọ fún yín. Ẹkún ló ń sun.”

A kò lè sùn lóru ọjọ́ náà. Ohun tí a pè ní àbùkù lára gìtá, àkísà bàbá ni. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a fi ha ọdún mọ́kànlélógún dànù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a sáré lọ bá ọ̀gá káfíńtà, a bi í bóyá ó lè dá ibẹ̀ padà. Ó ní, “Pásítọ̀, mo lè ha á kó dà bí ògbólógbòó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ tèmi ni ìyẹn á jẹ́, kì í ṣe ti bàbá yẹn.” Láti 1995 ni Fender pàápàá ti ń ta gìtá tuntun tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ha kí ó lè jọ ti àtijọ́. Owó lè ra ìrísí bẹ́ẹ̀. Kò lè ra apá tó ṣí i.

Ọ̀gá náà dákẹ́ díẹ̀. Ó tún ní, “Àbí ẹ̀yin kò ka ohun tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ síbẹ̀ ni?”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwa àti ìyàwó wa lọ sílé ọmọ náà. Ó dọ̀bálẹ̀, a ní kí ó jókòó. A sọ fún un níwájú ìyá rẹ̀ pé, “Ọmọ wa, a ṣẹ̀ ọ́. Irọ́ ni a fi gba gìtá lọ́wọ́ rẹ, a sì ha ohun tí kì í ṣe tiwa dànù. Jọ̀wọ́, dárí jì wá.” Ojú tì wá, ṣùgbọ́n a sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà, a ní kí ó gbé gìtá wá, kí ó sì tú síkúrù mẹ́rin ẹ̀yìn rẹ̀. A ti mú awò wa dání lọ́tẹ̀ yìí.

Ọrùn gìtá yọ. Nínú ihò náà, lórí igi tí ọ̀dà kò kàn, orúkọ bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú 1996. Lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ ọmọ náà wà, pẹ̀lú ọjọ́ ìkómọ rẹ̀ ní 2003. Bàbá rẹ̀ ti tú ọrùn gìtá yẹn nígbà kan rí, ó sì kọ ọ́ síbi tí ẹnikẹ́ni kò lè rí.

Ọmọ náà wò ó pẹ́. Ó ní, “Ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá mi nìyí.” Ìyá rẹ̀ wọ inú yàrá lọ. Nígbà tí ọmọ náà gbójú sókè, ó ní, “Mo ti dárí jì yín, sà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìbá ti bi mí. Ǹ bá sọ fún yín.”

A ti wàásù fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀rọ̀ yẹn sì wọ̀ wá lára ju ọ̀pọ̀ ìwàásù lọ.

Ẹ̀yin ará, ohun tí a fẹ́ sọ kò pọ̀. Kí a tó tún ohun ẹlòmíràn ṣe, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá ọkọ a wọ ilé ìyàwó tuntun, a tún gbogbo ilé ìdáná tò. Bàbá a kó ìwé àtijọ́ ọmọ rẹ̀ dànù láti tún yàrá rẹ̀ ṣe. Àwa ará ìjọ a lọ bá opó palẹ̀ ilé mọ́, a kó bàtà ọkọ rẹ̀ fún àwọn tálákà. Oore ni gbogbo wọn ń jẹ́ lẹ́nu ẹni tó ń ṣe é. Ohun tí a rí bí àbùkù lè jẹ́ ibi tí ẹlòmíràn ń gbé ọwọ́ lé kó tó sùn.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ní gìtá tí ẹ fẹ́ kùn, ẹ jẹ́ kí a fi àwọn ohun tí ọ̀gá káfíńtà kọ́ wa sílẹ̀. Ẹ tú ọrùn àti wáyà kúrò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ya bí wáyà ṣe tò sórí ìwé. Ẹ fi tépù bo ihò ọrùn. Ẹ yẹra fún ọjọ́ òjò. Ẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe kí ó nípọn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán. Ìta gbangba ni kí ẹ ti fọ́n ọn, kí ẹ bo imú dáadáa, kí sítóòfù àti ìṣáná jìnnà, nítorí tínà àti lákà ń gbiná kíákíá. Kí àwọn ọmọdé àti aláboyún má ṣe wà nítòsí. Ẹ má sì gbé gìtá tí a fi lákà kùn ka orí ohun onírọ́bà, ó lè jẹ ojú rẹ̀.

Ọmọ náà padà sí ẹgbẹ́ akọrin lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Ó ṣì ń ta gìtá fún wa títí di òní. Lákà náà kò nípọn, ó sì ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀ níbi tí apá tirẹ̀ máa ń wà. Láìpẹ́ yìí, alàgbà kan ní kí a gbé e lọ kùn padà. A ní kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Kí Olúwa fún wa ní ọwọ́ tó rọ̀ àti ẹnu tó ń béèrè. Àmín.